Ọkọ̀ Ojú Irin Tó Há sí Òṣogbo

Ilé wa,
Ẹ̀yìn Ìdíkọ̀ Rélùwéè,
Ẹdẹ.
Ọjọ́ Àlàrùba.

Labeebah ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí Kaosarah ọmọ-ọmọ mi tí ẹ ní ó ti wọ ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń sùn lọ́sàn-án, tí ẹ sì ń sanwó fún un. Ọlọ́run Ọba yóò máa ṣọ́ àtijáde àtiwọlé yín, ẹ ò ní fẹsẹ̀ kọ, ibi tí ẹ ti ń wá oúnjẹ kò ní pa yín lára, àmín. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, orúnkún tó ń dùn ún ti ń gbọ́ oògùn díẹ̀díẹ̀. Iṣu tí mo gbìn sí ọ̀nà Sekona ta dáadáa, àfi èyí tí màlúù jẹ. Ara wa le, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn rárá.

Wàá máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ ìwé nígbà tí fóònù wà. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí mo lè sọ kí ọmọbìnrin inú fóònù máa gbọ́. O mọ̀ ọ́n, ẹni tó máa ń sọ pé owó ti tán lórí fóònù, tó tún máa ń sọ pé ẹni tí à ń pè kò sí nítòsí. Gbogbo ọ̀rọ̀ wa ló ń gbọ́, kò sì sí ẹni tó mọ ilé tó ti wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi ìwé yìí rán awakọ̀ kan tó ń ná Èkó láti gáréèjì wa, mo sì ní ọwọ́ rẹ gan-an ni kó fi lé, kì í ṣe ọwọ́ mègáàdì.

O ti gbọ́ pé Bàbá Ahmad kú, Sàídì ọ̀rẹ́ mi. Ohun tí o kò tíì gbọ́ ni pé ọkọ̀ ojú irin wa kan há sí Òṣogbo lórí tábìlì láti ọjọ́ tó kú títí di àná, pé èmi ni mo há a mọ́ ibẹ̀, àti pé Ìyá Ahmad ti mọ̀ báyìí. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, má sì tíì sọ fún ìyá rẹ pé mo sọ fún ọ.

Ó ti pẹ́ tí o ti wálé, nítorí náà màá rán ọ létí bí ẹgbẹ́ wa ṣe jẹ́. Àwa méje la dá a sílẹ̀ nígbà tí a fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, Ẹgbẹ́ Rélùwéè Orí Tábìlì la pe ara wa, ìyá rẹ sì ń pè wá ní àwọn àgbà tó ń ṣeré ọmọdé. Irin agboòrùn tó ti bàjẹ́ la fi ṣe ojú irin, igi ìṣáná la tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ọdún méjì gbáko la fi tẹ́ ẹ. Agolo mílíìkì ni ọkọ̀ èrò, agolo sàdíìnì ni ọkọ̀ ẹrù, mọ́tò kékeré inú téèpù àtijọ́ ló ń fà wọ́n, bátìrì tọ́ọ̀ṣì sì ni oúnjẹ rẹ̀. Páànù tí a kùn ní búlúù ni odò Ọ̀ṣun, sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni mo fi kan afárá rẹ̀. Pálọ̀ Sàídì ni Ẹdẹ, ibẹ̀ ni mo ń jókòó sí. Yàrá inú ni Òṣogbo, ibẹ̀ ni òun ń jókòó sí, a sì lu ihò sára ògiri kí ọkọ̀ lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Nínú àwa méje, mẹ́rin ti kú ṣáájú Sàídì. Ó wá ku èmi àti Ọládélé, ẹni tó wa ọkọ̀ ojú irin gidi fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, síbẹ̀ tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ gbé ọkọ̀ òun.

A kì í fi rélùwéè ṣeré o. Òfin tí a lò lẹ́nu iṣẹ́ la ń lò lórí tábìlì. Ojú irin kan ṣoṣo ló wà, bí ọkọ̀ méjì bá pàdé níbẹ̀ wàhálà dé nìyẹn, nítorí náà ẹni tó fẹ́ rán ọkọ̀ jáde gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ẹni tó máa gbà á. Agogo kẹ̀kẹ́ méjì la fi ṣe é, a so okùn mọ́ wọn la ògiri kọjá. Bí Òṣogbo bá fa okùn, agogo á dún lọ́dọ̀ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìyẹn ni pé ṣé ọ̀nà ṣófo. Bó bá ṣófo, èmi náà á fa tèmi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tó bèèrè kò gbọdọ̀ dìde lórí àga títí wọn yóò fi dá a lóhùn. Bí èmi àti Sàídì ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn, Labeebah. Ọdún mẹ́sàn-án la fi lu agogo síra wa, èmi ní ìdíkọ̀ Ẹdẹ gidi, òun ní ìdíkọ̀ Òṣogbo gidi, kí a tó rí ojú ara wa. Inú bó ṣe ń lù ú ni mo ti mọ̀ ọ́n. Bí kò bá tíì jẹun, mo máa ń mọ̀.

Fóònù ló dá ìjà sílẹ̀. Olùkọ́ obìnrin kan ní yunifásítì, Ruth lorúkọ rẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́, ó gbọ́ nípa wa, ó wá fi fóònù rẹ̀ ya wá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó padà wá, ó ní ọ̀kẹ́ méjì èèyàn ti wò wá. Mo bi í pé níbo ni wọ́n dúró sí, nítorí pálọ̀ Sàídì kò gbà ju èèyàn mẹ́fà lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní inú fóònù ni. Mo ní kó bá wa kí wọn, kó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú pé a ò fi omi lọ̀ wọ́n. Ó wá fi fídíò náà hàn wá. Fìlà Sàídì ni mo rí, ọwọ́ Sàídì ni mo rí, Òṣogbo látòkè délẹ̀, ọkọ̀ jáde, ó wọ inú ihò ògiri, ó tán. Ẹdẹ kò sí níbẹ̀. Afárá tí mo fi oṣù mẹ́rin kàn kò sí, èmi kò sí. Ọ̀kẹ́ méjì èèyàn mọ Sàídì, ẹnì kan kò mọ̀ mí. Mo gbà lọ́kàn mi pé ó ti bá obìnrin náà dì í mọ́lẹ̀ ni.

Inú bí mi débi pé mo lọ sí báńkì. Ṣebí wọ́n ya fọ́tò mi síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá nígbà tí wọ́n fún mi ní nọ́ńbà, mo wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi mú ojú mi kúrò níbẹ̀, kí wọ́n fi sínú fídíò náà. Ọmọbìnrin tó jókòó fún mi ní fọ́ọ̀mù pé kí n kọ ẹ̀sùn mi sílẹ̀. Níbi tí wọ́n ti bèèrè ohun tó sọnù, mo kọ Ẹdẹ. Níbi tí wọ́n ti bèèrè ẹni tí mo fura sí, mo kọ Sàídì. Ó wò mí títí, ó ní àwọn máa pè mí.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, mo lọ sí ẹgbẹ́ bí mo ṣe máa ń lọ. Ọládélé kò sí, ó lọ fi ojú rẹ̀ han dókítà. Yàrá inú ni Sàídì wà, mi ò yà kí i, mo lọ jókòó sórí àga mi. Kò pẹ́, ó fa okùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi. Mo ká ọwọ́ mi mọ́ àyà, mo ń wo agogo náà, mo ní kó lọ bi ọ̀kẹ́ méjì èèyàn rẹ̀. Ó tún fà á. Nígbà tó fà á ní ìgbà kẹta, ó rọra dún ni, kì í ṣe bó ṣe máa ń lù ú rárá, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ mí, inú mi tiẹ̀ dùn sí i. Mo wọ bàtà mi, mo lọ sílé. Kó tó di ìrun Mògàríbì, a gbọ́ ariwo. Ìyá Ahmad ló lọ pè é kó wá ṣe àlùwàlá, ó bá a lórí àga, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì la sin ín.

Àwọn èèyàn ní ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró, pé bí Ọlọ́run ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Àwọn èèyàn kò mọ̀ pé agogo dún. Ruth wá kí wa kú ọ̀fọ̀, ó ń sunkún, ó ní ohun tó dun òun jù ni pé iná fóònù òun tán gẹ́lẹ́ bí ọkọ̀ ṣe wọ ihò ògiri, òun ò sì rí Ẹdẹ yà, òun ti fẹ́ padà wá. Iná fóònù ló tán, Labeebah. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo pe nọ́ńbà Sàídì. Ọmọbìnrin inú fóònù yẹn ló gbé e, ó ní wọ́n ti pa fóònù náà, kí n tún pè tó bá yá. Mo bi í pé ta ló sọ fún un pé ó ń bọ̀ tó bá yá. Mo bẹ̀ ẹ́ pé bó bá rí i, kó sọ fún un pé inú kò bí mi mọ́. Kò dá mi lóhùn, ó kàn ń tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ.

Ahmad ránṣẹ́ láti Ìbàdàn pé òun fẹ́ fi pálọ̀ háyà fún akẹ́kọ̀ọ́ Pólì, kí a kó tábìlì wa kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Ni Ọládélé bá wá bá mi lánàá, ó ní a ò lè tú ojú irin ká nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lọ́nà, àfi kó kọ́kọ́ wọlé sí Ẹdẹ. Mo ní ta ló máa rán an jáde? Yàrá inú ni Ìyá Ahmad ti ń ṣe opó, ọkùnrin kan kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ọládélé ní kí n ṣáà dáhùn ná. Mo jókòó. Mo fa okùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. La bá gbọ́ tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, àwọn agolo mílíìkì sì ń yọ níkọ̀ọ̀kan nínú ihò ògiri, díẹ̀díẹ̀, nítorí bátìrì ti rẹ̀. Ìyá Ahmad ni. Gbogbo ọdún wọ̀nyí tó ń jókòó bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, gbogbo iṣẹ́ wa ló ti mọ̀.

Bí ọkọ̀ ṣe dúró ni mo ṣí ìwé ńlá tí a ń kọ àkókò sí. Ìdí tí ọkọ̀ fi pẹ́, a ò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ láìkọ. Bó jẹ́ màlúù ló dùbúlẹ̀ sójú irin, kí o kọ màlúù. Bó jẹ́ àgbàrá, kí o kọ àgbàrá. Mo gbé bírò dání, mi ò rí nǹkan kọ. Ni Ìyá Ahmad bá sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri, ohùn rẹ̀ kò le. Ó ní òun gbọ́ bí ọkọ òun ṣe fa okùn lọ́jọ́ náà, ìgbà mẹ́ta, òun sì rò pé mi ò tíì dé ni. Ó ní ṣé mo ti dé? Ọládélé ń wò mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ti dé. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé èmi ni.

Láàárọ̀ yìí ìyá rẹ gbé ẹ̀kọ lọ fún un. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó béèrè orúnkún ìyá rẹ, ó béèrè rẹ àti Kaosarah. Kò béèrè mi. Ọjọ́ kan kò lọ rí kó má béèrè mi, Labeebah, kódà lọ́jọ́ ìsìnkú.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún nìyí. Fi ohun tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ránṣẹ́ kí a fi gba ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tí yóò gbé tábìlì wá sí yàrá tí o ń sùn nígbà tí o wà lọ́mọdé, kí a sì ra bátìrì tuntun, nítorí Ọládélé ò tíì gbà pé ó parí. Má fi gba báńkì o, fọ́ọ̀mù mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn, orúkọ Sàídì sì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ọ̀gá rẹ bá lè yọ̀ǹda rẹ, wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Obìnrin ni ọ́, wọ́n máa jẹ́ kí o wọ yàrá inú. Mi ò ní kí o bá mi bẹ̀ ẹ́. Ṣáà jókòó tì í, kí o bá a bó ẹ̀gúsí. Bó bá béèrè mi, wá sọ fún mi. Bí kò bá sì béèrè mi títí o fi dìde, ìyẹn náà, jọ̀wọ́, wá sọ fún mi.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o fi ìbínú ṣe ohun tí o kò ní lè tún ṣe. Ẹni tó bá pè ọ́, wàá ráyè dá a lóhùn. Ẹ̀mí rẹ yóò gùn, Kaosarah yóò sin ọ́, àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Zakariyah.