Bíréèkì Tuntun ní Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó

                                                            Ojúlé Kẹsàn-án,
                                                            Òkè-Àdó,
                                                            Ìbàdàn.
                                                            18 Oṣù Kọkànlá, 1963.

Èjìdé, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Mo kí ọ kú òtútù Jọ́ọ̀sì o. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le, àti Sìdí ọmọ wa? Ikọ́ tí o ní ó ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà tí o kọ̀wé, ṣé ó ti lọ? Mo yà kí àwọn òbí rẹ ní Oníyanrìn lọ́jọ́ Jímọ̀. Ara wọ́n le. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé àìjẹun dáadáa ló fa ikọ́ ọ̀hún. Má bínú sí mi, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo jẹ́. Àlàáfíà ni àwa náà wà níbí, a dúpẹ́ f'Ọ́lọ́run, àfi ọwọ́ òsì mi tí kò tíì nà tán.

O bèèrè nínú lẹ́tà rẹ bóyá òótọ́ ni pé mo ti kọ ọkọ mi sílẹ̀ nítorí mọ́tò. Ìròyìn mà ń yára dé Jọ́ọ̀sì ju lẹ́tà lọ o! Mi ò kọ ọ́. Mo kàn lọ jókòó sílé bàbá mi ní Bẹ́yẹrúnkà fúngbà díẹ̀ ni. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ọ, kí o lè rí nǹkan fi dá àwọn tó ń sọ ọ́ kiri lóhùn.

O mọ Sàláúdéènì ọkọ mi. Aṣọ ló ń tà ní Ògùnpa, ṣùgbọ́n mọ́tò ló máa ń lá lójú oorun. Lọ́dún tó kọjá ló ra mọ́tò eré kan lọ́wọ́ òyìnbó tó ń padà sílùú rẹ̀. Mọ́tò ọ̀hún rẹlẹ̀ débi pé tí mo bá fẹ́ wọ̀ ọ́, àfi kí n tẹ̀ kọ̀ọ̀lọ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Imú rẹ̀ gùn, ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ fún, ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì ń bú ramúramù. Eré tó ń sá kì í ṣe eré ọmọ ènìyàn. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò bi òyìnbó náà ni pé, nǹkan tó ń sáré tó báyìí, báwo ló ṣe ń dúró?

Ìparí oṣù Kẹsàn-án la mọ ìdáhùn. À ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ọjà'ba. Sàláúdéènì ní Mápó lòun máa gbà, kí àwọn ará ìsàlẹ̀ lè gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì. Ó ti sáré gan-an ká tó débẹ̀, ó sì ń tẹ bíréèkì ní gbogbo kọ́nà. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo gbóòórùn kan bí ìgbà tí irin ìlọṣọ bá jó aṣọ. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tẹ bíréèkì, ó tún un tẹ̀, bíréèkì wọlẹ̀ lọ láìmú ohunkóhun. Ó képe Ọlọ́run, ó yí sítíárìn, a sì lọ fi imú mọ́tò gún òkìtì yanrìn tí bíríkìlà kan kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mo ti na ọwọ́ síwájú láti gbára mi dúró. Ọrùn-ọwọ́ òsì mi ṣẹ́.

Gbogbo ẹni tó wà nítòsí ló sáré wá. Ìyá aláta kan tí kò mọ̀ mí rí ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o.” Bíríkìlà tí a tú yanrìn rẹ̀ ká ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyàwó.” Ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan ìdí taya iwájú, ó yára fà á padà, ó ní, “Háà! Ó mà gbóná o!” Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ó wá ń yí mọ́tò po.

Bàbá tó ń to eegun ní Oníyanrìn di ọwọ́ mi mọ́ igi, bàbá mi sì mú mi lọ sí Bẹ́yẹrúnkà. Ìwọ náà mọ̀ pé ọkọ̀ akẹ́rù ni bàbá mi ń wà lọ sí Kánò ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ní okun, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ bíréèkì ṣeré. Wọ́n ní mi ò ní padà sílé ọkọ títí mọ́tò yẹn yóò fi ní bíréèkì tó ń mú. Sàláúdéènì ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Kò tilẹ̀ jiyàn. Mo rò pé inú rẹ̀ dùn pé wọ́n fún un níṣẹ́ ṣe.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí kì í wá. Á dọ̀bálẹ̀ kí bàbá mi, á jókòó, á wá máa ròyìn bíréèkì fún wa bí ẹni tó ń ròyìn aláìsàn tó wà lọ́sibítù. Ó ní Àkíbù, mẹkáníìkì rẹ̀ ní Òkè-Àdó, ti tú taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní inú irin kan tó dé mọ́lẹ̀ bí agolo ni bíréèkì àtijọ́ ti ń ṣiṣẹ́, kò sí ibi tí ooru lè gbà jáde. Tó bá ti gbóná jù, kò ní mú mọ́. Àwọn fẹ́ yọ gbogbo rẹ̀ dànù, káwọn fi dísìkì sí i. Dísìkì yìí, irin pẹrẹsẹ bí àwo ni, ìta gbangba ló wà tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, tí èèyàn bá sì ti tẹ bíréèkì, nǹkan kan á fún un mú lápá méjèèjì bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Wọ́n ti rí irú rẹ̀ yọ lára mọ́tò kan tó bàjẹ́ lọ́nà Ìjẹ̀bú. Nígbà tó tún dé, ó fajú ro: ihò bóòtù kò bára mu. Nígbà tó tún dé, ẹ̀rín ń pa á: Àkíbù ti lu ihò mìíràn. Gíríìsì wà léèékánná rẹ̀, ó ti rù. Èmi jókòó níwájú rẹ̀, ọwọ́ tí wọ́n dì mọ́ igi wà lórí itan mi, níbi tí ẹni tí ojú rẹ̀ kò fọ́ yóò ti rí i.

Ìwọ nìkan ni mo máa sọ èyí fún, Èjìdé. Bàbá mi rò pé ẹ̀rù mọ́tò ló ń bà mí. Ìyá mi rò bẹ́ẹ̀, ọkọ mi rò bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọkọ mi kò tíì sọ pé “pẹ̀lẹ́” fún mi. Àwa tí à ń kí ẹni tó fẹsẹ̀ kọ ní pẹ̀lẹ́, tí à ń kí ẹni tó sín, tí à ń kí ẹni tí oúnjẹ há lọ́nà ọ̀fun! Ó dùn mí. Ó dùn mí ju ọwọ́ lọ. Mi ò sì lè bèèrè. Pẹ̀lẹ́ tí èèyàn bá fẹnu ara rẹ̀ tọrọ, kí ló fẹ́ fi í ṣe? Mo kàn sọ nínú ara mi pé bíréèkì mú o, bíréèkì ò mú o, ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ Òkè-Àdó títí màá fi gbọ́ ọ.

Nígbà tó yá, ó wá sọ pé iṣẹ́ ti parí, kí n palẹ̀ ẹrù mi mọ́. Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bíréèkì tí a kò tíì dán wò lórí òkè, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Wọ́n ní kó gbé mọ́tò wá sí Mápó láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí títì máa ń dá, kó sáré sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe sáré lọ́jọ́ kìíní. Àwọn á dúró láàárín títì. Kó wá dúró níwájú àwọn.

Ìyá mi figbe ta. Wọ́n ní, “Bàbá Kúlúsúmù, ṣé ẹ fẹ́ kú ni?”

Bàbá mi ní, “Ọmọ mi ló fẹ́ gbé sínú rẹ̀. Tí kò bá lè dá a dúró nítorí tèmi, ṣé nítorí ọmọ mi ló máa dá a dúró?”

Sàláúdéènì ní òun á wá.

Bí a ṣe dé Mápó lọ́jọ́ Àìkú náà, àwọn ará Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba ti ṣáájú wa débẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún wọn. Bàbá mi ò dúró sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ibi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kò tíì tán ni wọ́n yàn, wọ́n ní ibẹ̀ ni bíréèkì ti máa ń parọ́. Wọ́n kó ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń wo òkè. Èmi àti ìyá mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àkíbù náà wà níbẹ̀, ó ń lá ètè bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò.

A gbọ́ mọ́tò náà ká tó rí i. Ó yọ lórí òkè, ó já wálẹ̀ bí òkò. Mo la ẹnu láti pe bàbá mi kí wọ́n yẹra. Lẹ́yìn náà bíréèkì mú. Mọ́tò náà forí balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dúró gbọn-in, kò yẹ̀ sọ́tùn-ún, kò yẹ̀ sósì. Ààyè tó kù láàárín òun àti bàbá mi, èèyàn á lè tẹ́ ẹní síbẹ̀ sùn. Ariwo sọ. Àkíbù fò sókè bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì. Bàbá mi ò mira.

Ibi tí ẹ̀kọ́ ilé ti fẹ́ pa èèyàn nìyí. Ọkùnrin wo ló máa jókòó sínú mọ́tò, tí yóò máa kí àna rẹ̀ tó wà lórí ìdúró? Sàláúdéènì fa bíréèkì ọwọ́ sókè, ó ṣílẹ̀kùn, ó fò jáde, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ọ̀dà, láàárín mọ́tò àti bàbá mi. Bíréèkì ọwọ́ tó fà yẹn, kò sí nǹkan kan nídìí rẹ̀. Wáyà àtijọ́ ò bá dísìkì tuntun mu, Àkíbù ti yọ ọ́ kúrò, ó ní kó máa fi mọ́tò sínú jíà tó bá fẹ́ gúnlẹ̀ títí òun á fi rí nǹkan ṣe sí i. Inú rẹ̀ dùn jù, ó gbàgbé.

Mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bọ̀. Ọkọ mi dojú kọlẹ̀, ó ń sọ pé, “Ẹ káàárọ̀ sà, bàbá. Ẹ kú ìdúró sà.” Bàbá mi wo ẹ̀yìn orí rẹ̀, wọ́n ń ṣàdúrà fún un.

Mi ò mọ ìgbà tí mo kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi. Ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀. Mo ju ara mi sórí ìjókòó, mo sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ bíréèkì. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń ṣọ́ ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn, mo mọ èyí tó ń tẹ̀. Mọ́tò dúró. Bọ́ńpà ti kan gìgísẹ̀ rẹ̀.

Ọkọ mi yí padà nílẹ̀, ó rí bọ́ńpà, ó rí mi nídìí sítíárìn. Ṣé o mọ ohun tó sọ? Ó ní, “Bàbá! Ẹ rí i? Ó mú!”

Kò sí bí a ṣe lè ṣe ebòlò kó má rùn ìgbẹ́. Ó ti fẹ́ dìde. Mo ní, “Ẹ má dìde.” Mi ò pariwo. Mo ní, “Ọwọ́ mi ńkọ́?”

Ó ní, “Ọwọ́ wo?”

Mo na ọwọ́ òsì síta lẹ́nu ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, pẹ̀lú igi, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi dì í. Ó wò ó. Mo rò pé ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rí i nìyẹn, Èjìdé. Ojú rẹ̀ yí padà. Ọkùnrin yìí kọ ẹ̀yìn sí àna rẹ̀, ó dojú kọ mí níbi tó wà nílẹ̀, ó ní, “Kúlúsúmù, pẹ̀lẹ́. Jọ̀ọ́, pẹ̀lẹ́. Èmi ni mo ṣe ọ́ léṣe.” Ìyá kan láti Ọjà'ba ní, “Ó tó àkókò.” Mi ò ní parọ́ fún ọ, omi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n mi ò gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì títí Àkíbù fi gbé òkúta sídìí taya.

Bàbá mi gbọn eruku ara wọn. Wọ́n ní, “Ẹ máa lọ sílé yín.”

Mo wọ mọ́tò náà. Ẹ̀yìn ni mo wọ̀, ní igun tí ọ̀gá máa ń jókòó sí, mo ká ẹsẹ̀ mi jọ níbi tó há náà. Sàláúdéènì wò mí, ó bọ́ sídìí sítíárìn bíi dírẹ́bà ìjọba. Ó rọra gbé mi la Bẹẹrẹ kọjá débi pé ọkùnrin kan lórí kẹ̀kẹ́ yà wá sílẹ̀, ó tún bojú wẹ̀yìn wò wá. Àwọn èèyàn ń jáde wá wo mọ́tò eré tí kò sáré. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó yíjú sẹ́yìn, ó ní, “Ṣé ọwọ́ náà ṣì ń dùn ọ́?” Mo ní ó ń dùn mí díẹ̀. Ó tún yíjú sẹ́yìn, ó ní, “Pẹ̀lẹ́ o.”

Mo ní kó máa wo iwájú.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi fẹnu ko Sìdí lẹ́nu. Kí gbogbo ará Ìbàdàn tó wà ní Jọ́ọ̀sì níbẹ̀, pàápàá ẹni tó gbé ìròyìn mi wá bá ọ. Jẹun dáadáa, kí ìyá rẹ lè fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ ká fojú kan ara wa láìpẹ́.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní fi ọ́ ṣe àjèjì,
Kúlúsúmù