Díìsìkì Méjì Láti Inú Páálí Kan

Bàbá mi,

Ọmọ yín ti wọ gàù o. Mo jókòó sílé ìgbẹ̀bí Màmá Nọ́ọ̀sì ní Ibafo, mo ń tẹ lẹ́tà yìí sórí fóònù. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Èmi ni mo to sẹ́fà wọn, kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ àwọn aboyún sí. Díìsìkì méjì ni mo fi sí i. Ohun tí wọ́n bá kọ sí ọ̀kan, á kọ ara ẹ̀ sí èkejì. Tí ọ̀kan bá kú, èkejì á máa báṣẹ́ lọ. Ẹ ò rí bí mo ṣe fọ́nnu lọ́jọ́ yẹn! Mo ní láti Mowe dé Ifo, kò sẹ́ni tó lè tò ó bíi tèmi. Àwọn nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́.

Láàárọ̀ yìí ni ọ̀kan kú. Mo rẹ́rìn-ín wọlé, mo fi tuntun sí i, mo ní kí èyí tó kù máa da gbogbo ẹ̀ kọ sínú ẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé inú páálí kan náà ni mo ti mú àwọn méjì àkọ́kọ́ ní Ifo. Tókúnbọ̀. Ọ́fíìsì kan náà ni wọ́n ti yọ wọ́n lókè òkun, ọjọ́ orí kan náà, wàhálà kan náà. Èyí tó kù ti ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́. Tó bá kú kó tó dà á kọ tán, ó parí. Kò sí ẹ̀dà níbòmíì. Mo rò pé méjì ti tó.

Ẹ̀yin kì í fi táyà tókúnbọ̀ tó ti ara ọkọ̀ kan náà wá sẹ́sẹ̀ iwájú tírélà yín méjèèjì. Ẹ máa ń fọwọ́ gbá a, ẹ máa ń tẹ́tí sí i bí ẹni ń gbọ́ rédíò. Mo máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ló dé tí ẹ ò gbá mi létí?

Ó ti dà á kọ dé ìdajì. Obìnrin Magboro kan ń bọ̀ tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún lọ́la, inú díìsìkì yìí ni irú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wà. Ṣé kí n jókòó kí n máa gbàdúrà ni, àbí kí n dá a dúró, kí n kọ́kọ́ yọ tàwọn tí kò tíì bímọ nìkan sórí fláàṣì? Tí mo bá dá a dúró, màá ní láti sọ ìdí fún Màmá Nọ́ọ̀sì.

Bàbá, mo ti sọ. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Màmá Nọ́ọ̀sì láàárín àwọn aboyún. Ó bi mí pé:

"Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà, o ti mọ̀ látàárọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Dìde jàre. Ẹnu kì í yọ fáìlì."

Mo dá dídà kọ náà dúró, ti obìnrin Magboro ni mo kọ́kọ́ mú. Ó jáde. Àwọn tó kù ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, àfi bí díìsìkì náà ṣe dákẹ́ lójijì. Àwọn nọ́ọ̀sì ṣírò ẹ̀: ti ẹni mọ́kànlá ló há síbẹ̀. Ṣùgbọ́n káàdì aboyún, tí wọ́n kọ ohun kan náà sí, wà lọ́wọ́ kálukú wọn nílé, àwọn nọ́ọ̀sì sì ti kọ orúkọ àti àdúgbò wọn fún mi. Mo ń lọ sí Akute báyìí, níbi tí ẹni àkọ́kọ́ ń gbé, màá máa kan ilẹ̀kùn, màá bẹ̀ wọ́n kí n dà á kọ. Tí wọ́n bá bi mí ta ló ba nǹkan jẹ́, màá sọ pé èmi ni.

Ẹ sùn dáadáa, Bàbá. Àárò yín ń sọ mí.

Èmi ọmọ yín, ẹlẹ́nu gbọ̀ọ̀rọ̀.