Ọjà Rírà ní Abúlé Pákó

                                        Ilé Kẹrìnlá,
                                        Ibùdó Àwọn Ọmọ Ogun,
                                        Louisiana, Amẹ́ríkà.
                                        Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kọkànlá, ọdún 2009.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Maureen,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Orúnkún ọkọ yín ńkọ́, ṣé ó ti lè gun àtẹ̀gùn báyìí? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé òjò ń da Arkansas láàmú, pé omi ti wọ oko sóyà àwọn ará ìsàlẹ̀ odò. Mo gbà á ládùúrà pé kò tíì dé àgbàlá yín. Ara tèmi le. Ọkàn ni kò fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé dípò kí n tẹ̀ yín láago.

Ẹ mọ̀ pé alásè ni mí nínú iṣẹ́ ológun. Wọ́n ti wá fi iṣẹ́ mìíràn kún un. Bí a bá dé Iraq lóṣù kìíní, èmi ni n ó máa ra nǹkan kéékèèké fún ẹgbẹ́ wa lọ́jà ìlú: pákó, ìṣó, ọ̀dà, páìpù omi. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ ọjà rírà fún ìjọba kò pọ̀, wọn kò sì lè wà ní gbogbo àgọ́. Nítorí náà wọ́n á mú alásè tàbí mẹkáníìkì, wọ́n á kọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á sì fún un ní ìwé àṣẹ.

Ọ̀gbẹ́ni Renfro, ológun tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń kọ́ wa. Ẹni tó ń yan ọjà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó. Kò gbọdọ̀ gba ẹ̀bùn, kò sì gbọdọ̀ ṣèlérí ohun tí kò ní àṣẹ láti rà. Kọ́pùrà Baca, mẹkáníìkì ọmọ New Mexico tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ni yóò máa sanwó lẹ́yìn mi. Èyí tó wù mí jù nínú àwọn òfin náà ni pé a kò gbọdọ̀ máa rajà lọ́dọ̀ ẹnì kan ṣáá. Kí a máa yí i ká, kí ó lè kan gbogbo òntajà. Lójú mi, òdodo nìyẹn.

Inú igbó ni wọ́n ti ń dán wa wò, ní abúlé kan tí wọ́n fi pákó kàn. Àwọn ará Iraq tó ti di ará Amẹ́ríkà ni wọ́n gbà síṣẹ́ láti ṣe bí òntajà. Ọ̀kan nínú wọn ni Abu Laith, ẹni bí àádọ́ta ọdún. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti fi aago ọwọ́ lọ̀ wá, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá a ó gbà á.

Ọjọ́ kìíní, a ra páìpù lọ́wọ́ obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Umm Salwa. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó kan pákó, mo rántí òfin, mo kọjá níwájú rẹ̀, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù Abu Laith.

“Ọ̀dọ̀ ta lẹ ti rajà lánàá?” ló kọ́kọ́ bi mí.

Mo ní ọ̀dọ̀ Umm Salwa ni.

“Ẹ padà síbẹ̀. Ẹ fi tèmi sílẹ̀.”

Baca bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá, eré la ń ṣe o! Owó ọwọ́ mi yìí gan-an, bébà lásán ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ta pákó fún wa. Alásè lọ̀gá mi yìí; tébi bá pa á, gbogbo wa la máa gbọ́ ọ.”

“Mo mọ̀ pé eré ni. Ẹ jáde.” Ó fa ilẹ̀kùn irin wálẹ̀ gbàgà.

Renfro fọn fèrè. “Abu Laith! Aago ni mo ní kó o fi lọ̀ wọ́n. Ta ló ní kó o tilẹ̀kùn?”

Nígbà tí a ń jẹun ọ̀sán, mo gbé àwo ìrẹsì kan lọ bá a lábẹ́ igi. Ó ní ìṣó ni òun ń tà ní Baquba. Ológun wa kan wà níbẹ̀, ọmọlúàbí, kì í rẹ́ni jẹ. Bí ó bá ra lọ́wọ́ òun lọ́sẹ̀ yìí, á ra lọ́wọ́ Kareem, àbúrò òun, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn náà lọ́wọ́ bàbá arúgbó tó ń ta ọ̀dà. Gbogbo àdúgbò ń wò ó. Lọ́jọ́ tí àwọn tó fi aṣọ bojú dé, ibi tí ẹsẹ̀ ológun yẹn tẹ̀ ni wọ́n ń tọ̀, láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń pa ẹni tó tajà fún ará Amẹ́ríkà. Abu Laith ti lọ kó ọjà ní Baghdad lọ́jọ́ náà.

“Ká ní ọ̀dọ̀ mi nìkan ló ti ń rà ni,” ó ní, “èmi nìkan ni wọn ì bá wá.” Ó sì ń jẹ ìrẹsì rẹ̀ lọ.

Mo lọ bi Renfro ohun tí òfin sọ nípa irú èyí. Kò bínú. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

“Tillery, owó ìjọba lòfin yìí ń ṣọ́. Òun nìkan. Tó o bá padà dé, wọ́n á bi ẹ́ bó o ṣe náwó. Kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́ bóyá òntajà ṣì wà láyé.”

“Tí mo bá wá ń rà lọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ńkọ́?”

“Wọ́n á ní ó ti fún ẹ ní rìbá. Wàá ṣẹ̀wọ̀n.”

Mo béèrè bóyá wọ́n á lé Abu Laith. Ó ní ó ti wà nínú ọkọ̀ tó ń gbé e lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹlòmíràn ti wà ní ṣọ́ọ̀bù náà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fi aago lọ̀ mí. Mo kọ̀ ọ́. Mo béèrè iye pákó káàkiri, mo sì ra èyí tó yẹ lọ́wọ́ ẹni tó yẹ. Èmi ni mo gba máàkì tó ga jù nínú kíláàsì. Baca gbé mi sókè, ó ń yí mi po. Mo rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà bi mí ohun tó ṣe mí.

Mo ti rò ó pé kí n kọ iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ̀ ọ́, ọmọ ogún ọdún kan ni wọ́n á fi rọ́pò mi, kò sì ní gbọ́ ohun tí mo gbọ́. Àbí ara mi ni mo ń tàn jẹ? Mo ti ka ìwé ogun púpọ̀, ti ọ̀gágun, ti akíkanjú. N kò rí èyí tó dárúkọ ẹni tó ta ìṣó. Wọ́n ní ẹni iwájú tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Mo rí kòtò náà kedere, Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀nà mìíràn ni n kò rí.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ, ẹ kí pásítọ̀ yín náà. Ẹ má sọ èyí fún Màmá. Wọ́n rò pé oúnjẹ nìkan ni mo ń lọ sè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sì ń gbàdúrà, ẹ fi ẹnì kan kún un fún mi. N kò mọ orúkọ rẹ̀, òun náà kò tíì mọ̀ mí. Ó ń ta pákó níbì kan. Lóṣù kìíní, n ó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lójú gbogbo ọjà, n ó sì kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ mi.

                                        Èmi ni àbúrò yín tó fẹ́ràn yín,
                                        Verna Tillery.