Dàbínù Ẹni Tí Kò Gbààwẹ̀

                                        Kawo,
                                        Kàdúná.
                                        25 Oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1965.

Túndùn, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni ilé wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o kírun ní ìdúró? Mo kí ọ kú ààwẹ̀. Èmi wà. O mọ̀ mí, n kì í kùn.

Ọ̀rọ̀ Baba Wosilat ni mo fẹ́ fi tó ọ létí. Kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́ bí ó ti yẹ. Dókítà ṣàlàyé pé iyọ̀ kan wà nínú oúnjẹ, tí kì í ṣe èyí tí a ń bù sọ́bẹ̀. Pòtásíọ̀mù ni wọ́n ń pè é. Kíndìnrín tí ó yá gágá a máa tì í jáde sínú ìtọ̀. Ti ọkọ mi ń kó o pamọ́ bí ahun. Bí ó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè dá ọkàn dúró lójijì. Àwọn òyìnbó ní ẹ̀rọ tí ń fọ irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kàdúná kò ní. Dókítà ní ẹnu rẹ̀ ni kí n máa ṣọ́. Ẹnu ẹja ni í pa ẹja. Kí a má fi ti ènìyàn kún un.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn, àgbọn, ẹ̀pà, tòmátì, dàbínù: gbogbo rẹ̀ di èèwọ̀. Iṣu pàápàá, n ó gé e wẹ́wẹ́, n ó rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, n ó sè é, n ó da omi rẹ̀ nù, n ó tún fi omi mìíràn sè é. Ọkọ mi wo àwo, ó ní iṣu yìí ti wẹ̀ ju òun lọ.

Àwọn tí ń wá kí i ni ìyọnu. Kò sí ẹni tí í wá kí aláìsàn láìmú nǹkan dání. Ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n kó wá tó ṣí ìsọ̀. Bí wọ́n bá ti kẹ́yìn, mo ń pín in fún àdúgbò. Zuwera, aládùúgbò wa, ká mi mọ́ ọn. Ó ní, "Haba, Malama! Àìsàn ni ó ń ṣe é, ẹ̀wọ̀n kọ́!" Mo fèsì pé ẹlẹ́wọ̀n a máa jáde láàyè.

Ààwẹ̀ wá wọlé. Dókítà ní kí ó má gbà á, ó sì gbọ́ràn kíá. N kò rí i kí ó gbọ́ràn bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti wọ̀, òun ni ó ń kọ́kọ́ jókòó sórí ẹní ìṣínu. Ẹni tí ó jẹ iṣu láàárọ̀, tí ó jẹ ìrẹsì lọ́sàn-án, kí ni ó tún fẹ́ ṣí? Alfa Jàmàlúdéènì, tí ń bá wa ṣínu lálaalẹ́, sì mú dàbínù Mẹ́kà wá. Ọkọ mi ní dàbínù ilẹ̀ mímọ́ kò lè pa mùsùlùmí. Mo ní kíndìnrín kò mọ ibi tí dàbínù ti wá. Ó búra pé òun kò ní fọwọ́ kàn án.

Ní Jímọ̀ tí ó kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ láti gbé e. Ọkàn rẹ̀ ń lù, ó ń dákẹ́, ó tún ń lù. A gbé e dé ilé ìwòsàn. Dókítà bi í ohun tí ó jẹ. Ó ní oúnjẹ ìyàwó òun nìkan ni. Nọ́ọ̀sì ṣí fìlà rẹ̀ kí ó lè gbórí lé ìrọ̀rí, ni kóró dàbínù bá ń já bọ́, pàá, pàá, níwájú gbogbo wa. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Mo jókòó tì í, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ọkàn náà fi rántí iṣẹ́ rẹ̀. Má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí a padà sílé, mo bi Alfa lójú gbogbo àwọn tí ó wà lórí ẹní: ta ni ó yẹ kí ó ṣínu? Ó fọwọ́ nu irùngbọ̀n, ó ní ẹni tí ó gbààwẹ̀ ni. Ẹni tí kò gbà á ńkọ́? Ó ní bí ó bá jẹ́ àìsàn tí a kò retí òpin rẹ̀, kí onítọ̀hún máa bọ́ aláìní. Gbogbo wa gbọ́ ohun tí ó wà nínú gbólóhùn náà. Baba Wosilat ni ó fọhùn: "Alfa, ẹ̀yin àti ìyàwó mi ti gbìmọ̀ lé mi lórí." Ó na ọwọ́, ó gba àwo dàbínù.

Láti ọjọ́ náà, òun ni ó ń pín in fún àwọn aláàárù ọjà tí ń yà wá ṣínu, ó ń fajú ro bí ẹni tí ń san owó orí.

Lánàá, bí oòrùn ti wọ̀, ó fi ẹyọ dàbínù kan lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n jẹ ẹ́ lójú òun, kí n sì sọ bí ó ti dùn tó. Mo jẹ ẹ́ tán. Mo ní kò ládùn rárá. Ó tẹjú mọ́ mi. "Ìyá Wosilat, irọ́ nínú oṣù ààwẹ̀!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà nu tèmi. Eruku ọyẹ́ pọ̀ níhìn-ín.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti Gàfárù ọmọ yín. Wosilat ní kí n kí ọ.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́,

Alimat