Ẹni Tó Ń Lu Irin Kó Tó Fọkàn Tán An: Ìgbésí Ayé Pa Olúwarótìmí Akínyẹlé

Ọmọ bíbí Adó-Èkìtì ni Pa Olúwarótìmí Akínyẹlé. Wọ́n bí wọn ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 1951 fún Pa Akínyẹmí Akínyẹlé, àgbẹ̀ oníkòkó, àti Ìyá Àìná, amọ̀kòkò ará Ìsàn. Lọ́wọ́ ìyá wọn ni wọ́n ti kọ́ pé a kì í ta ìkòkò láìfi ìka kàn án.

Wọ́n ka ìwé mẹ́fà. Ní ọdún 1967, wọ́n lọ sí Ìbàdàn láti kọ́ṣẹ́ léèdì, ẹ̀rọ tí ń yí irin kí a lè gé e. Ní ọdún 1976, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Fájuyì, ní Adó-Èkìtì. Ní 1978, wọ́n gbé Abọ́sẹ̀dé, olùkọ́, níyàwó. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń dúró de irinṣẹ́ láti Èkó, páìpù àlòkù ni Bàbá fi ń ṣe ọ̀pá tí òkúta ìpọ́nrin àti ẹ̀rọ ìlọta fi ń yí. Òòlù ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń lu páìpù. Bó bá dún gooro, ó kọjá. Bó bá fọhùn bí ìkòkò tó sán, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń jù ú sí. Wọ́n le, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Oṣù kọkànlá ọdún 2011 ni àwa ọmọ wọn kò lè gbàgbé. Ìjọ tí Bàbá ti jẹ́ Bàbá Ìjọ ń tún ilé ṣe, wọ́n sì fún Bàbá ní àwọn òpó páìpù tó gbé ìloro ṣọ́ọ̀ṣì ró fún ogójì ọdún. Bàbá kò lù wọ́n. Wọ́n ní irin tó ti gbọ́ àdúrà tó bẹ́ẹ̀, àfojúdi ni kéèyàn máa dán an wò. Ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n fi ṣe ọ̀pá fún ẹ̀rọ ìbórẹsì ní Igbemo, níbi tí Òkìkíọlá, àkọ́bí wọn, ti ń da ìrẹsì sẹ́nu ẹ̀rọ.

Wọ́n ti gbé ọ̀pá náà lọ kí òòlù Bàbá tó ṣèèṣì ba àgékù páìpù náà. Ohùn ìkòkò tó sán ni wọ́n gbọ́. Wọ́n pe Òkìkíọlá lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹfà. Ariwo ẹ̀rọ kò jẹ́ kó gbọ́. Bàbá tó ti búra pé àwọn kò ní gun ọ̀kadà láyé fò sórí ọ̀kadà láìbọ́ aṣọ iṣẹ́. Wọ́n ń bẹ ọlọ́kadà pé kó sáré, wọ́n sì ń bẹ Ọlọ́run pé kó dárí jì wọ́n.

Ẹ̀rọ ti ń yí nígbà tí wọ́n débẹ̀. Wọn kò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n fa ọmọ wọn kúrò, wọ́n pa ẹ̀rọ. Àwọn tó ní ìrẹsì bínú, wọ́n ní bàbá yìí ti ń ṣarán. Bàbá yọ ọ̀pá náà, wọ́n gbé e sínú oòrùn: ó ti sán, ojú ibi tó sán gùn tó ìka ọwọ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n dìde nínú ìjọ, wọ́n jẹ́wọ́ pé: “Ulé Ọlọ́run ló ti wá, àmọ́ irin ni.” Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ àwọn kan títí dòní. Òkìkíọlá fi iṣẹ́ ìrẹsì sílẹ̀, ó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Òun ló wà ní ṣọ́ọ̀bù báyìí.

Bàbá sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 2025, lẹ́ni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Wọ́n fi Màmá Abọ́sẹ̀dé sílẹ̀, pẹ̀lú Òkìkíọlá, Jùwọ́n àti Dùnmínínú, àti ọmọ-ọmọ méje.

Férémù páìpù tí yóò sọ pósí wọn kalẹ̀ lónìí, àwọn tó yá wa sọ pé kò sí wàhálà, pé ti ṣọ́ọ̀ṣì ni. Òkìkíọlá mú òòlù bàbá rẹ̀, ó lu igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó dún gooro, Bàbá. Ẹ sùn re o.