N Kò Ní Bá Yín Bẹ Àṣàkẹ́

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú àìfojúkanra. Mo kí Bàbá, mo kí Ìyá àgbà, mo kí gbogbo ará ilé wa ní Ọ̀yọ́. Ọyẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ti la ètè mi, àárò yín sì máa ń sọ mí lọ́jọ́ Àìkú tí n kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́.

Iṣẹ́ tí ẹ rán sí mi dé, pé kí n bá àbúrò yín Làmídì bẹ Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ kó padà sílé. N kò ní bẹ̀ ẹ́. Ẹ má bínú pé n kò fi "wọn" pe àbúrò yín. Ọ̀wọ̀ yẹn ti tán lẹ́nu mi.

Ẹ mọ̀ pé abẹ́rẹ́ máṣíìnì ló ṣẹ́, tó fò wọ Àṣàkẹ́ lójú ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní Ọjà Igbó. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé ọkọ rẹ̀ ló ní kò gbọdọ̀ lọ sí ọsibítù. Omi ewé kan ló ń kán sí i títí ojú fi kẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi gbé e dé ọ̀dọ̀ wa ní ọsibítù tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, dókítà ní àfi ká yọ ojú náà, kí èkejì má baà bá a lọ.

Èmi ni mo tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà. Bó ṣe jí, ó bi mí bóyá a ti yọ ojú náà lóòótọ́, nítorí ó ṣì ń dùn ún. Mo dì í lọ́wọ́ mú. Mo ń ṣọ́ báńdéèjì rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà yọ, mo ní kó má tẹríba, kó má wúkọ́ líle. Nígbà tó yá, à ń fi omi iyọ̀ tí a sè, tó ti tutù, fọ ihò ojú náà láràárọ̀, títí òun fúnra rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n fọ̀. Ó tún kọ́ bí a ti ń bu omi sí ife láì dà á sílẹ̀, nítorí ojú kan kì í tètè mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Á tàsé, á tún un ṣe.

Àbúrò yín wá lẹ́ẹ̀kan. Ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ló dúró sí, ó fi áńkáṣíìfù bo imú bí ẹni tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú ajá. Níwájú gbogbo aláìsàn ló ti ní òun kò fẹ́ olójú kan. Ó wá bi mí pé ta ni yóò máa fọ aṣọ òun. Ọkùnrin tí ẹ ní kí n bá bẹ̀bẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ti bá Àṣàkẹ́ fi ojú àtọwọ́dá sí i ní Ìbàdàn, tí ẹni tí kò mọ̀ kò lè fura, ó kó àwọn àgbà lẹ́yìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó tuntun. Mo wà níbẹ̀, mo lọ gba yúnífọ́ọ̀mù mi tó bá mi rán. Àṣàkẹ́ kò dìde. Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ojú tí wọ́n fi sí mi kì í ríran. Èyí tó kù ti rí yín tán." Ó tún fẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì rẹ̀. Àwọn àgbà náà ló kọ́kọ́ jáde.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ ẹnikẹ́ni, Màmá, àbúrò yín ni kí ẹ bẹ̀, kó fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí àwọn àbúrò mi àti gbogbo ará àdúgbò. Làmídì nìkan ni kí ẹ má bá mi kí.

Èmi ni ọmọ yín,
Títílọlá