Bọ́tìnnì Inú Ọrùn Aṣọ Ológe

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì, oṣù Kẹfà

Ohun tó ti bàjẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kéèkì oníyọ̀ — kì í ṣe pé iyọ̀ pọ̀ jù, iyọ̀ ni Ológe fi rọ́pò ṣúgà pátápátá. Mo tu tèmi sínú àwo. Ológe gbé tirẹ̀ mì, ó ní òun ń dán nǹkan tuntun wò. Ọwọ́ òsì rẹ̀ tó jó mọ́ ilẹ̀kùn ààrò gáàsì. Bàtà pupa lẹ́sẹ̀ kan, dúdú lẹ́sẹ̀ kejì, lára obìnrin tí kì í da ilẹ̀ nù láìkun ètè.

Àwọn tó mọ ìdí rẹ̀: àbúrò mi ọkùnrin, Mò-ń-bọ̀. Àǹtí Aránṣọ, ará ilé kejì. Dókítà kan tí n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Ológe fúnra rẹ̀, ìyá tó bí mi.

Ẹni tí kò mọ̀: èmi. Àkọ́bí. Tí mò ń wá síbí ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí mò ń pe ara mi lẹ́ni tí nǹkan kì í bọ́ mọ́ lọ́wọ́.

Ìyá mi ò ríran mọ́. Rárá, kí n kọ ọ́ bó ṣe rí: ojú òsì ti lọ, ọ̀tún ń tẹ̀lé e. Aránṣọ ló là á fún mi lọ́sàn-án yìí lẹ́nu ọgbà. Ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ ni pé, "Àbúrò, ṣé ìwọ lo gé àwọn bọ́tìnnì yẹn?"

Èmi ni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta

Mo gba ìsinmi. Níbi iṣẹ́, èmi ni mánẹ́jà àwọn ọkọ̀ akẹ́rù. Ibi yòówù kí ọ̀kan wà, mo mọ̀ ọ́n. Ìyá mi ń fọwọ́ tá ògiri lọ sí yàrá lójú mi, mo rò pé ọjọ́ ogbó ni.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀. Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, mo tún ilé rẹ̀ tò. Ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ mí. Ilé ìdáná kún fún agolo àtijọ́: ọ̀kan ga, ọ̀kan wó lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan ò ní ìdérí. Mo kó wọn dànù. Mo ra ike tuntun, gbogbo wọn jọra bí ìbejì, mo lẹ orúkọ mọ́ wọn lára: ìyẹ̀fun, ṣúgà, iyọ̀. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo ya fọ́tò wọn.

Ó kan kọ́bọ́ọ̀dù. Gáùn ayé ọjọ́un ló wà níbẹ̀ — àrán, sẹ́dà, àwọn tí ìbàdí wọn fún pinpin tí ìsàlẹ̀ wọn ṣí bí agbòjò. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi rán wọn nígbà tó ṣì ń ránṣọ fún àwọn ìyàwó olówó. Nínú ọrùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, bọ́tìnnì kan tí kò bá aṣọ náà tan: olójú méjì, olójú mẹ́rin, onígun, èyí tó rí roboto bí ẹ̀wà. Mo ní wọn ò wúlò. Mo fi sísọ́ọ̀sì gé gbogbo wọn, mo dà wọ́n sínú ike kan ṣoṣo.

Aránṣọ ló bá a gán wọn síbẹ̀, torí òun ló kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Olójú méjì ni búlúù. Roboto ni pupa. Ìka ni Ológe fi ń mọ àwọ̀. Agolo tó wó lẹ́gbẹ̀ẹ́, iyọ̀ nìyẹn.

Orí bẹ́ẹ̀dì ló jókòó sí nígbà tí mò ń gé e. Ó ń gbọ́ ìró sísọ́ọ̀sì. "O ṣeun, Mánẹ́jà mi" ló ń tẹnu mọ́. Bó bá ní kí n dáwọ́ dúró, yóò ní láti sọ ìdí. Ó wò ó, ó gbà pé kí n kúkú máa bà á jẹ́ lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo pe Mò-ń-bọ̀. Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Òun ló mú Màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́dún tó kọjá, ó sì búra fún un pé èmi ò ní gbọ́. "Màmá ní o máa sọ ọ́ di iṣẹ́, Àǹtí." Mo ní kí ló dé tí òun alára ò yọjú láti ìgbà náà. Ó ní nígbà tí òun wá kẹ́yìn, Màmá ń bá òun sọ̀rọ̀, àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ló ń rẹ́rìn-ín sí. Òun ò lè wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Mo bínú.

"Mo ń bọ̀, Àǹtí. Mo ń bọ̀ láìpẹ́."

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo ti rí dókítà ojú tó mọṣẹ́ jù, a máa lọ rí i. Ọ̀la. Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Kí a tó jáde, ó ní kí n bá òun mú sẹ́dà búlúù. Mo mú un. "Búlúù wo nìyẹn?" Mo ní búlúù ni, ẹ jọ̀ọ́, a ti ń pẹ́. "Mánẹ́jà, mo ní búlúù wo? Ti ojú ọ̀run àárọ̀ ni àbí ti yíǹkì?" N kò mọ ìyàtọ̀. Èmi tí ojú mi dá ṣáká. Ó wọ̀ ọ́, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ funfun sọ́rùn, ó wọ ìbọ̀wọ́ kó lè bo ibi tó jó. Gbogbo ilé ìwòsàn dìde fún un.

Dókítà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Nǹkan kan ń fún ojú náà pa láti inú, iṣan tó ń gbé ìríran ń kú díẹ̀díẹ̀. Èyí tó ti kú kì í jí. Oògùn wà tí a óò máa kán sí èyí tó kù, bóyá yóò dá àìsàn náà dúró. Bóyá! Mo béèrè iṣẹ́ abẹ, mo béèrè òkè òkun, mo béèrè ta ni ọ̀gá rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, "Ẹ má bínú, Mà." Nílé ẹ̀kọ́ òwò, wọn ò kọ́ wa ní ohun tí èèyàn ń ṣe sí "Ẹ má bínú."

Ológe ló tù wá nínú. "Dókítà, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọmọ mi yìí, ètò ló fi ń sunkún tirẹ̀. Ẹ kọ oògùn yín, ẹ jẹ́ á lọ jẹun."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Ètò kejì: kó wá gbé lọ́dọ̀ mi. Yàrá ti wà nílẹ̀. Ọkọ̀ ti wà. Mo là á sílẹ̀ fún un, ó gbọ́ mi tán.

"Ilé rẹ dára. Inú ilé rẹ ni mo ti máa fọ́jú. Nínú tèmi, mi ò tíì fọ́jú."

Mo ní ọwọ́ tó jó yẹn ńkọ́. Ó ní ta ló tún ilé ìdáná òun tò?

Ètò kejì kú síbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo dé bá a nínú àrán pupa, ó ń po ìyẹ̀fun. Àrán! Ìyẹ̀fun kún ọwọ́ aṣọ títí dé ìgúnwọ́. Mo ní Màmá, aṣọ òde lẹ wọ̀ yẹn. "Òde wo? Ta ni mò ń tọ́jú ẹ̀ dè? Kí n tó di ẹni tí kò rí i pé ó pupa mọ́, mo fẹ́ wọ̀ ọ́ gbó." Gbogbo wọn ló fẹ́ wọ̀ gbó. Lọ́jọ́ lásán. Láti fi mu tíì.

Ó yọ búrẹ́dì náà, ó fi ìka kan ìdí rẹ̀ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, ó ní ó ti jinná. Mo fẹ́ gé e. Ó lù mí lọ́wọ́. "Jókòó. Gbọ́ ná." Mo jókòó. Búrẹ́dì gbígbóná tó bá ń tutù, èèpo rẹ̀ máa ń ta kẹ́kẹ́kẹ́, bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń jẹ búrẹ́dì obìnrin yìí; n kò gbọ́ ìró yẹn rí. A fi bọ́tà sí i, ó yọ́ wọnú rẹ̀. Fóònù mi ń gbọ̀n nínú báàgì, mo jẹ́ kó máa gbọ̀n.

Kò yí nǹkan kan padà. Mo kàn fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dùn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Èmi pẹ̀lú Aránṣọ ń dá bọ́tìnnì padà. Aránṣọ ò rántí tán, èyí wo ló ń lọ níbo. Ológe nìkan ló lè sọ ọ́, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ilé ìdáná nìkan ló sì lè fi rí i, láàárọ̀ títí di ọ̀sán gangan. Tí oòrùn bá ti yí sẹ́yìn ilé, gbogbo rẹ̀ di èérú lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbé gáùn lọ síbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Á gbé e sún mọ́ ojú ọ̀tún bí ẹni ń gbóòórùn rẹ̀. "Yẹ́lò. Èyí ni mo wọ̀ tí bàbá yín fi kọ lu òpó iná." Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí òwú fi bọ́ lójú abẹ́rẹ́.

Èmi náà gán mẹ́ta. Abẹ́rẹ́ gún mi níye ìgbà tó wù ú. "Ẹ wo owó ilé ẹ̀kọ́ tí mo san," ni Ológe wí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Kò rí kọ́ọ̀pù tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Lánàá, ó rí i.

Mo pe dókítà. Ó ní ó ń yá ju bí òun ṣe rò lọ. Kí a máa kán oògùn náà lọ. Ọ̀sẹ̀ mélòó? Kò lè sọ. Oṣù? Kò lè sọ. Mo pariwo mọ́ ọn. Mo tọrọ àforíjì. Mo jókòó sínú ọkọ̀ mi, mo di síárìn rẹ̀ mú, n kò lọ síbì kankan.

Nígbà tí mo wọlé, òun àti Aránṣọ ń da ìyẹ̀fun sínú agolo tuntun. Láìwẹ̀yìn, Ológe ní, "Wọ́n ní àbúrò rẹ ti dá irùngbọ̀n sí. Ó yẹ ẹ́ bí?" Mo ní n kò mọ̀. Ó ní kò burú. Ó ní kí n má yọ ọmọ òun lẹ́nu, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mo pe Mò-ń-bọ̀. "Mo ń bọ̀."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo fi èyí ránṣẹ́ sí i láàárọ̀ yìí. Mo dà á kọ síbí kí èmi alára má baà dẹwọ́.

Àbúrò mi. Màmá ò bínú sí ẹ. Èmi ló ń bínú, ìyẹn lè dúró. N kò ní kó o wá gbà mí nímọ̀ràn, n kò ní kó o wá dókítà. Mo ti wá gbogbo ibi tó ṣeé wá, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí ojú yẹn. Díẹ̀ ló kù níbẹ̀. Ó fẹ́ fi rí ẹ, kò sì ní sọ ọ́ fún ẹ láéláé, o mọ̀ ọ́n. Lọ́la, ọjọ́ Àbámẹ́ta, kó o ti jókòó sí iwájú fèrèsé ilé ìdáná kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ní ríran ní ọjọ́ yẹn mọ́, mi ò sì mọ ohun tó máa kù ní ọ̀túnla. Má fá irùngbọ̀n náà. Jẹ́ kó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú ẹ mú, kó fà ẹ́ mọ́ra, kó wò ẹ́ títí yóò fi tó o. Bó bá rẹ́rìn-ín sí àga, sún sórí àga náà. Má dá èyí lóhùn pé ò ń bọ̀. Kí aago méjìlá tó lù, wá.